Àjàṣẹ́ sí Párákú: ìgbà wo ló yẹ kí ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) ni mo wà. Ọjọ́ 15 oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ sí Párákú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣègbéyàwó. Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta, àti Màámi tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Corolla 2003 ni ọkọ̀ mi, àlòkù tí mo rà lọ́dún tó kọjá. Kò yọ mí lẹ́nu rí, ṣùgbọ́n èmi náà ò tíì gbé e kọjá Kútọnu.

Mẹkáníìkì mi ní kí n gbé e wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, kí iṣẹ́ òun lè tutù yọ̀yọ̀ lára ọkọ̀ nígbà tí a bá gbéra. Ó kọ wọ́n sínú ìwé: òróró ẹ́ńjìnnì, púlọ́ọ̀gì, courroie de distribution (bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì), bíréèkì iwájú, omi rédíétọ̀. Àbúrò mi ní owó òfò ni, pé ọkọ̀ tí kò bá ṣe ènìyàn ní nǹkan, a kì í bá a fa ìjàngbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Kò sí èyí tó jàre nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi dandan lé e pé kí n mú ọ̀kan, ti àbúrò yín ni màá mú.

Kétu ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wa tákísí láti ibí sí Kútọnu, tí mo sì máa ń gba ìrìn Párákú tí owó bá jọra. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí nìyí: ọkọ̀ tó jáde lọ́wọ́ mẹkáníìkì lálẹ́ kò gbọdọ̀ fojú kan ọ̀nà jíjìn láàárọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ó kéré tán, ni kí ẹ gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ẹ máa fi lọ ọjà, ẹ fi gbé ọmọ lọ ilé ìwé, ẹ fi dé Ìtakété kí ẹ sì padà. Bí ó bá fẹ́ ṣe yín, ẹ jẹ́ kó ṣe yín níbi tí ẹ ti lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé.

Mo sanwó kí n tó kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kan mo gba ọkọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rọ́bà ìsàlẹ̀ rédíétọ̀. Aago márùn-ún ìdájí mo ti wà lójú ọ̀nà. Bohicon, kò sí nǹkan kan. Ìdásà, kò sí nǹkan kan. A ti ń rí àwọn òkè Ṣábẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn òkúta ràgàjì tó yọrí bí ọmú, kí abẹ́rẹ́ ìgbóná tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè pẹ̀lú wọn. Irin kékeré tó ń di rọ́bà yẹn mú ni wọn kò fún le. Omi ti ń kán díẹ̀díẹ̀ láti Kétu, èmi ò mọ̀. Tí mo bá ti fi ọkọ̀ náà sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀mejì nílé, ǹ bá ti rí omi nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jókòó níwájú ní kí n tètè ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí ooru lè jáde. Àgbà ló sọ̀rọ̀, mo gbọ́. Àpá rẹ̀ wà lápá ọ̀tún mi títí dòní.

* * *

Ọ̀pọ̀ ti dáhùn lẹ́yìn mi, ẹ jẹ́ kí n kó o jọ. Àwọn kan ní irọ́ ni mò ń pa, pé àwọn ti ń gba ọkọ̀ lálẹ́ lọ́jọ́ pípẹ́, wọn ò sì rí nǹkan. Ẹni kan láti Pobẹ̀ ní tí òróró bá tuntun, gbogbo ara ọkọ̀ ló tuntun. Ẹlòmíràn ní tí ènìyàn bá gbé ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ mẹ́wàá ṣáájú, mẹkáníìkì á tún rí nǹkan mìíràn gba owó lé lórí kí ọjọ́ tó pé. Mo rẹ́rìn-ín sí ti ìkẹyìn yìí, torí òótọ́ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti bíréèkì. Bíréèkì tuntun kì í mú dáadáa lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ojú irin tó ń fún mọ́ra, ó sì máa ń gba ìtẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan kí wọ́n tó mọ ara wọn. Ẹ wá fẹ́ fi ìyá àti ọmọ sẹ́yìn rẹ̀ kí títáànì (tírélà) alùbọ́sà tó ń bọ̀ láti Malanville já wọ iwájú yín? Àwọn nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n tú wọn láti fi bíréèkì sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ó yẹ kí ẹ tún fi sípánà yẹ̀ wọ́n wò. Nínú ìrìn ọjọ́ mẹ́wàá, ẹnu ọ̀nà ilé yín lẹ ti máa ṣe é. Nínú ìrìn ọjọ́ kan, ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Bohicon?

* * *

Ó dára, courroie de distribution. Mo ń dúró kí ẹlòmíràn rí i, kò sẹ́ni tó rí i.

Corolla 2003 kò ní in. Ṣéènì irin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níbi tí bẹ́líìtì máa ń wà nínú àwọn Carina àtijọ́. Ìyẹn 1.8 tó wá láti Amẹ́ríkà, àti 1.4 àti 1.6 tó wá láti Yúróòpù: ṣéènì ni gbogbo wọn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n máa ń pààrọ̀ ní iye kìlómítà báyìí báyìí. Nítorí náà ẹ padà lọ bá ọkùnrin náà, ẹ fẹ̀sọ̀ bi í pé, "Ọ̀gá, bẹ́líìtì wo gan-an?" Ó lè jẹ́ bẹ́líìtì ìta ló ní lọ́kàn, èyí tó ń yí alternateur (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná) àti pọ́ǹpù omi. Ìyẹn wà lóòótọ́, ó sì yẹ kí ẹ wò ó: bí ó bá ti ń là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún sọ pé distribution ni, tó sì dárúkọ owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì, ẹ kí i, ẹ wá ẹlòmíràn.

(Àfikún: ẹnì kan láti Ṣábẹ̀ ti tún mi ṣe. Corolla onígásóìlì (dísẹ́ẹ̀lì) 2.0 D-4D wà láyé ìgbà yẹn, bẹ́líìtì sì ni tiẹ̀. Ó jàre, mo gbàgbé. Ẹni tó béèrè, ẹsáńsì (pẹtiróòlù) ni ọkọ̀ yín ń mu àbí gásóìlì? Ẹsáńsì ni, ó ti dáhùn. Ọ̀rọ̀ mi dúró.)

Ohun tí mẹkáníìkì yẹn ò kọ sínú ìwé ló ń ká mi lára. Àwọn ẹ́ńjìnnì 1.8 ìgbà yẹn ní orúkọ lórí jíjẹ òróró. Òróró ọkọ̀ lè má kán sílẹ̀ lójú ẹni, kí ọkọ̀ má sì yọ èéfín, síbẹ̀ kí òróró rẹ̀ ti wálẹ̀ tó bá fi máa dé Párákú. Ẹ fa irin ìwọ̀n òróró yọ lónìí, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ní àárọ̀ kí ẹ tó tan ọkọ̀. Ẹ sàmì sí i. Ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ti wálẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá rìn. Ẹ ra lítà kan irú èyí tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi sí búùtù, ẹ sì fa irin yẹn wò ní Ìdásà nígbà tí àwọn ọmọ bá ń tọ̀.

* * *

Ìjà omi rédíétọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́: omi ẹ̀rọ tó. Wọ́n ní omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà yẹn, nítorí yìnyín àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe ṣe é, ta ló rí yìnyín ní Àjàṣẹ́? Ẹgbẹ́ kejì ní tí ẹ ò bá fi omi aláwọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì á kú lọ́la.

Kò ní í kú lọ́la. Bàbá mi lo omi kànga nínú 504 rẹ̀ títí ó fi tà á. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo inú rédíétọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá gé e: ìpẹtà bí ẹ̀kọ ló wà níbẹ̀. Dídì nìkan kọ́ ni omi aláwọ̀ ń dènà. Ó ń dènà ìpẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó, ìyẹn sì ni ìṣòro tiwa. Ìdajì omi mímọ́, ìdajì òun, tàbí èyí tí wọ́n ti pò fún yín. Bí ọkọ̀ bá wá gbẹ lójú ọ̀nà, omi yòówù tí ẹ bá rí ni kí ẹ bù sí i, kódà omi inú ṣágo ìyá oníṣu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tutù ná, ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìdérí tó ṣeé fọwọ́ kàn. Omi tútù lórí irin gbígbóná máa ń la orí ẹ́ńjìnnì.

Kí ẹ tó lọ, ẹ tan ọkọ̀ nílé, ẹ tan afẹ́fẹ́ tútù rẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ fetí sí fáànù iwájú. Bí kò bá yí, ohun tó máa sè yín ní Calavi nìyẹn, nínú súnkẹrẹ, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn rárá.

* * *

Táyà. Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀.

Ẹni tó béèrè ní tòun "ṣì ní ẹyín dáadáa," pé wọ́n tà á fún òun bíi tuntun. Ẹyín kọ́ ni mo béèrè, ọjọ́ orí ni. Ẹ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Òǹkà mẹ́rin ló máa ń wà ní ìparí rẹ̀, nígbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ inú tí ẹ ó fi iná wò. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Àlòkù tó ń bọ́ láti inú kọ̀ntẹ́nà lè dán bíi tuntun, kí rọ́bà inú rẹ̀ sì ti gbẹ láti ìgbà tí ẹ kò tíì mọ ìyàwó yín.

Ó ti wò ó: 0914. Ọ̀sẹ̀ 9, ọdún 2014. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́, méjì ni, ẹ dúpẹ́. Ẹ bọ́ méjì yẹn.

Mo mọ̀ pé owó ni. Ẹnì kan ti kọ̀wé pé òun ti lo táyà ọdún mẹ́tàlá, kò bẹ́. Ó lè má bẹ́ ní Àjàṣẹ́, níbi tí ẹ kò ti lè sáré ju zẹ́mìjàn (ọ̀kadà) lọ. Ẹ gbé e sórí ọ̀dà tó gbóná láàárín Ìdásà sí Ṣábẹ̀, ní aago kan ọ̀sán, pẹ̀lú ẹrù ìgbéyàwó nínú búùtù, ẹ wá sọ fún mi.

Èyí tó tún bí mi nínú: ẹni tó ní kí a dín atẹ́gùn táyà kù tí oòrùn bá mú, pé atẹ́gùn á wú, táyà á bẹ́. Òdìkejì ni. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó ń tẹ̀ wọ̀ǹtì wọ̀ǹtì bí ó ti ń yí, ìtẹ̀ yẹn ló ń mú kó gbóná, ìgbóná yẹn ló ń bẹ́ ẹ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ìwé kékeré kan lẹ̀ mọ́ ara irin níbẹ̀, iye atẹ́gùn wà lórí rẹ̀. Ẹ fún un ní àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Ẹ fún apààrọ̀ inú búùtù náà. Mi ò mọ iye ẹni tí mo ti bá lójú ọ̀nà tó gbé apààrọ̀ jáde, tí òun náà sì ti rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ẹ sì gbìyànjú láti tú nọ́ọ̀tì kan fúnra yín nílé. Àwọn tó ń lẹ táyà máa ń fi páìpù fún un débi pé ọkùnrin méjì ni yóò gun orí sípánà.

* * *

Ẹsáńsì: ẹ fi kpayó, epo fàyàwọ́ Nàìjíríà yẹn, sílẹ̀ fún ìrìn yìí.

Mo mọ̀ pé Àjàṣẹ́ ni ẹ wà, kpayó sì wà níwájú ilé yín nínú ìgò. Èmi náà ti rà á láìmọye ìgbà. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, ọ̀rọ̀ iye owó tí wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀ kò tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí ẹ gbé jẹ́ríkáànù kan sí búùtù "nítorí ọ̀nà jìn" ni mo fẹ́ bá jà. Ó jìn tó báwo? Kútọnu sí Párákú jẹ́ nǹkan bí 415 kìlómítà, ẹ fi ọgbọ̀n lé e láti Àjàṣẹ́. Bí ọkọ̀ yín tó kún bá ń mu lítà 9 ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, lítà 40 ni ẹ ó lò. Táǹkì Corolla yẹn gba 50. Ẹ kún un ní ibùdó epo, ẹ ó dé. Ẹ̀yin tí ẹ rí iná Sèmè ní oṣù kẹsàn-án 2023, tó pa ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n níbi tí wọ́n ń kó epo sí, ẹ wá fẹ́ gbé e sẹ́yìn orí ọmọ?

* * *

Kò sẹ́ni tó ka ènìyàn. Bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, Màámi. Mẹ́fà. Ìjókòó márùn-ún ni Corolla ní.

Àwọn kan ti ń fi 504 familiale bú mi, pé ìwọ tó o wa tákísí, mélòó lò ń kó? Mò ń kó ju iye tó yẹ lọ, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ìlà ìjókòó mẹ́ta ni ìyẹn ní, kì í sì í ṣe ìyá mi ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá gbé lé ẹsẹ̀, tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, ọwọ́ ìyá kò lè dá a dúró. Ẹrù ẹni mẹ́fà àti àpò wọn tún ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ ju ohun tí ìwé ẹnu ilẹ̀kùn ń sọ lọ.

Ẹnì kan ní kí Màámi wọ bọ́ọ̀sì. Ẹlòmíràn ní àrífín ni. Èmi rò pé kò yẹ ní tòótọ́, ẹsẹ̀ àgbà kì í fẹ́ ibi tó há. Kí Màámi jókòó níwájú. Ọmọ ọdún mélòó ni àkọ́bí?

* * *

Díẹ̀ lórí ọ̀nà, torí wọ́n ń bi mí. Láti Àjàṣẹ́, ẹ lè gba Kútọnu, Calavi, Allada, Bohicon. Ẹ sì lè gba Ìtakété, Pobẹ̀, Kétu, kí ẹ wá já sí Bohicon. Èmi a máa gba tiwa, ẹ sì lè sọ pé mò ń polówó ìlú mi. Súnkẹrẹ Calavi ni mò ń sá fún. Ẹni tó bá gba Kútọnu, kí ó ti kọjá Calavi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ní Ìdásà, ọ̀nà pín: tòsì ń lọ Savalou àti Natitingou, ẹ má gbà á. Ọjọ́rú ni ọjà Glazoué, ẹ̀bá ọ̀nà á kún fún iṣu àti ènìyàn. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ fún péage (ibi tí wọ́n ti ń gba owó ọ̀nà) Diho nítòsí Ṣábẹ̀.

Ẹ má rìn lóru. Títáànì tó bàjẹ́ máa ń dúró sójú ọ̀nà láìní iná, ẹ̀ka igi tí wọ́n kó sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni triangle (àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta) wọn. Ẹ̀yin ẹ ní triangle tòótọ́, àti ohun èlò ìpaná tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà níbi àwọ̀ ewé. Ìwé: carte grise (ìwé ọkọ̀), permis (ìwé àṣẹ ìwakọ̀), assurance (ìbánigbófò), visite technique (ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀), TVM (owó orí ọkọ̀). Ẹ wo ọjọ́ tí visite technique ń parí, torí òun ni ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹni tó ń béèrè ti Ìlárá sí Mẹ́kọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn: ẹ gba carte brune CEDEAO (ìwé ìbánigbófò fún àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS) lọ́wọ́ àwọn tó ṣe assurance yín kí ẹ tó kọjá sí Nàìjíríà.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà: "Fòfó, ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí mẹkáníìkì mìíràn, ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ka ìwé yẹn. Ó ní bẹ́líìtì ìta ni, ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Bíréèkì ti wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òróró wálẹ̀ díẹ̀. Mo ti ra táyà méjì, 3824 ló wà lára wọn. Iwájú ni mo fẹ́ fi wọ́n sí, torí iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà. Ọmọ ọdún 17 ni àkọ́bí, ó ní òun fẹ́ràn bọ́ọ̀sì ju kí òun gbọ́ ìtàn Màámi fún wákàtí mẹ́jọ."

Ọ̀sẹ̀ 38, 2024. Ó dára. Ẹ wo èkejì náà, kí wọ́n má ti so ọjọ́ orí méjì pọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kí ẹ fi wọ́n sí. Mo mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ló ń fi tuntun sí iwájú, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, sítíárí á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ó mọ̀, ẹ ó dẹ ẹsẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ìdí ọkọ̀ á ti bá yín lójú kí ẹ tó mọ̀.

Tí ẹ bá dé Ṣábẹ̀, ẹ dúró síbi tó ní ìbòòji. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìfọwọ́ kàn án: èyí tó bá gbóná ju ẹnì kejì rẹ̀ lápá òdìkejì lọ, bíréèkì ibẹ̀ ló ń há. Ẹ yẹ̀ òróró wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí Màámi bá ní kí ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ fún un níṣu jẹ.